Àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: bí a ṣe ń fi ọkọ̀ ara ẹni lọ sí etí òkun Wídà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn là ń gbé. Ọkọ mi àti èmi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, lọ gbafẹ́ ní etí òkun Wídà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò. Ọkọ̀ tiwa la fẹ́ wà lọ, àmọ́ orúkọ àbúrò ọkọ mi ló ṣì wà lórí ìwé rẹ̀. Àwọn kan ní ká má dán an wò, pé wọ́n á gba gbogbo owó ọwọ́ wa tán ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Àwọn mìíràn ní kò sí ìwé kankan tó pọn dandan, pé ECOWAS ni gbogbo wa. Ta ni ká gbà gbọ́? Ìyá ọkọ mi tún ní kí n bá àwọn béèrè bóyá àwọn lè gbé gàrí dání, torí àwọn ò lè jẹ oúnjẹ Faransé. (Ìyá Tọ́lá, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá Tọ́lá, ẹ kú ètò. Ẹ bá mi kí bàálé ilé, kí ẹ sì bá mi kí ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ gàrí wọn ń bọ̀ nísàlẹ̀, mi ò gbàgbé.

Àwọn tó ń dẹ́rù bà yín àti àwọn tó ń fi yín lọ́kàn balẹ̀, ìdajì òótọ́ ló wà lẹ́nu ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. Ohun tí àwọn oní “ECOWAS ni gbogbo wa” kì í rántí ni pé àdéhùn kan náà ló ní kí onítọ̀hún mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá àti ìwé àjẹsára dání. Ní ti owó gbígbà, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá mẹ́hẹ ló ń sanwó rẹpẹtẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé lè kọjá láìná kọ́bọ̀, bí sùúrù rẹ̀ bá gùn, tí kò sì bá àwọn aṣọ́bodè fa ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kó èrò lójú ọ̀nà yìí, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Ohun tí ojú ọ̀nà náà kọ́ mi ni pé àlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ èèyàn lẹ́nu. Àbọ̀ ni iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, àlejò tó ń gbafẹ́ ni yín lójú gbogbo ẹni tó bá rí yín. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ọkọ̀ tó ti Kútọnu bọ̀ ni yín, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa ń fura sí nínú ọkọ̀ tó bá ti Kútọnu bọ̀. Nítorí náà, gbogbo ìwé tí mo fẹ́ kà fún yín yìí, ẹ fi ojú àbọ̀ wò ó kí ẹ tó kúrò n'Íbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣòro yín wà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, fàyàwọ́ ni lójú òfin. Ọkọ̀ yín náà, tí eruku Àgbádárìgì bá ti kùn ún lára, báwo ni ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe òwúrọ̀ yẹn gan-an lẹ rà á ní Kútọnu? Ìwé owó bodè ni yóò sọ fún un, ìyẹn ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fúnni nígbà tí wọ́n kó ọkọ̀ náà wọ Nàìjíríà níjọ́sí. Ẹ wá a jáde níbikíbi tí àbúrò yẹn bá kó o sí. Bí kò bá sí ìwé náà, tàbí tí nọ́ḿbà tó wà lára ọkọ̀ kò bá èyí tó wà nínú ìwé mu, ẹ má gbé ọkọ̀ náà kọjá bọ́dà rárá. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò, tàbí kí ẹ háyà ọkọ̀ tó ní ìwé. Ẹ ò ní fẹ́ kí ìgbafẹ́ ọjọ́ mẹ́rin di ẹjọ́ oṣù mẹ́rin.

Ní ti orúkọ, bí àyè bá wà kó tó di Kérésìmesì, ẹ lọ yí ìwé ọkọ̀ náà sí orúkọ ọkọ yín, kí ara tu gbogbo yín. Bí kò bá sí àyè, kí àbúrò kọ lẹ́tà pé òun gba ẹ̀gbọ́n òun láàyè láti wa ọkọ̀ òun lọ sí Bẹ̀nẹ̀ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Kí ó kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ sí i, kí ó lọ búra sí i ní kóòtù, kí ó sì so fọ́tòkọ́pì káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Faransé kó túmọ̀ rẹ̀ sí ojú ewé kan. Ọlọ́pàá tó wà ní ìhà ọ̀hún kò jẹ yín ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ìnṣọ́ránsì tí ẹ ń lò n'Íbàdàn kò kọjá ẹnubodè. Ẹ padà lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún yín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ káàdì ECOWAS aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Carte Brune. Láti inú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ní ọdún 1982 ló ti wá. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ẹ bá kọ lu ẹlòmíràn tàbí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìnṣọ́ránsì máa dá sí i. Ẹ fetí sí ohun tí mo sọ: ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bí tiyín bá fọ́, kò kan káàdì yẹn. Àwọn kan máa ń rà á lọ́wọ́ ọmọ òpópónà ní Sẹ̀mẹ̀ ní ẹ̀dínwó, mo sì ti rí èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tí kò yàtọ̀ sí ti ìwé ìkésíni ìgbéyàwó. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Ẹ fi láísẹ́ǹsì ọkọ yín àti gbogbo pátíkúlà tó kù sínú fáìlì kan. Bí ẹ̀yin náà yóò bá bá wọn wà á, kí tiyín wà níbẹ̀. Láísẹ́ǹsì àgbáyé tí àwọn Road Safety ń ṣe dára láti ní. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ohun gbogbo ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa kọ́kọ́ nà síta lójú ọ̀nà. Ojúlówó, àfi tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ ní tààràtà.

Ó wá kan ìwé èèyàn. Kálukú ni kó ní páásípọ́ọ̀tù, títí kan ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn. Ìwé ìrìnnà ECOWAS wà lóòótọ́, àwọn ìmígíréṣọ̀n ló ń ṣe é, àmọ́ páásípọ́ọ̀tù kì í fa ìbéèrè. Ohun kan tí yóò yà yín lẹ́nu: páásípọ́ọ̀tù tuntun tí kò tíì ní òǹtẹ̀ kankan nínú rí, fájínì ni wọ́n ń pè é ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á sì ní owó rẹ̀ yàtọ̀. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní ẹ máa gba rìsíìtì, kí ẹ sì dúró jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò kánjú ni owó yẹn kì í sábà jáde lápò rẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ dání pẹ̀lú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ dá bàbá wọn dúró, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kó wọn lọ, kí bàbá wọn kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà kò ṣe é fi falẹ̀. Káàdì aláwọ̀ èsúrú yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n bá gún yín, nítorí náà ẹ má fi í di ọ̀la. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé káàdì yín ti kọjá ọdún mẹ́wàá, pé ó ti kú, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé àjọ ìlera àgbáyé ti yí èyíinì padà. Ṣùgbọ́n ní ti ìyá àgbà, bí wọ́n bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọn ò sì gba abẹ́rẹ́ yìí rí, ẹ mú wọn lọ rí dókítà kí ẹnikẹ́ni tó gún wọn. Abẹ́rẹ́ náà máa ń gba ìṣọ́ra lára àgbàlagbà tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Dókítà ni yóò sọ bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí òun kọ ìwé fún wọn.

Ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà? Méjì ló wà. Ẹ lè gba Ṣàngó Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò, kí ẹ bọ́ sí Ìgòló, kí ẹ gba Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kí ẹ tó já sí ojú ọ̀nà Kútọnu. Ọ̀nà tó wù mí jù nìyẹn, torí pé láti ibẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ẹ ó máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn èèyàn bí ẹni pé ẹ ò tíì kúrò nílé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ní gbà á níyànjú. Ọ̀nà fàyàwọ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò níbẹ̀ sì le. Ẹ gba Èkó, kí ẹ gba Máìlì Tú, Òkokomáìkò àti Agbára, kí ẹ dé Àgbádárìgì. Ọ̀nà yẹn náà kò dẹrùn, àwọn ibì kan ti bàjẹ́ gan-an, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ sì lè gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbìyànjú pé ọjọ́ kan náà lẹ fẹ́ kúrò n'Íbàdàn kí ẹ sì dé Wídà. Ẹ sun Àgbádárìgì mọ́jú, kí ẹ jí, kí ẹ jẹun, kí ẹ kan Sẹ̀mẹ̀ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Oòrùn ò tíì mú àwọn òṣìṣẹ́ ní àsìkò yẹn, inú wọn ṣì dùn díẹ̀.

Kí ẹ tó dì rárá, ẹ gbọ́ ìròyìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, òjijì ni wọ́n ti bọ́dà, Sẹ̀mẹ̀ kò sì ṣí padà àfi ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Mo mọ àwọn tí àsìkò yẹn ká mọ́ ìhà ọ̀hún pẹ̀lú ọkọ̀ wọn.

Láàárín Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó pàdé ibi àyẹ̀wò tí ẹ ò ní lè kà tán: kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá, àwọn agbógun ti oògùn olóró, àti àwọn mìíràn tí ẹ ò ní mọ ẹni tó rán wọn. Ìlànà mi ò pọ̀. Ẹ dẹ eré sílẹ̀ láti òkèèrè. Ẹ yí gíláàsì wálẹ̀, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ kí wọn kí wọ́n tó kí yín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá ń dáhùn tí ìyàwó ń tún un ṣe, wọ́n á ní kí ẹ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà ni kí ẹ fi sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ má rò pé àwàdà ni. Mo ti rí ọ̀gá tó ń bọ̀ bí ẹkùn, tó dé ẹnu fèrèsé, tó rí màmá tó wé gèlè, tó wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, tó ní, “Ẹ̀yin màmá mi, ẹ máa lọ.”

Ní Sẹ̀mẹ̀ fúnra rẹ̀, láti ọdún 2018 ni ìjọba méjèèjì ti ṣí ibùdó àjọlò tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ fi jọ ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Ẹ páàkì, kí ẹ ti ọkọ̀, kí àgbàlagbà kan dúró tì í. Àwọn ọmọ bọ́dà á sáré bá yín, wọ́n á ní àwọn lè bá yín ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Páásípọ́ọ̀tù yín kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn káńtà. Òǹtẹ̀ méjì lẹ ń wá: ti Nàìjíríà pé ẹ jáde, ti Bẹ̀nẹ̀ pé ẹ wọlé. Ẹ ṣí ìwé náà lójú wọn, kí ẹ wò ó, kí ẹ ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin márààrún.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ó ti ṣe mí rí. Mo kó ìdílé kan lọ, ojú ń kán mi, mo gba páásípọ́ọ̀tù mẹ́fà lápapọ̀, mo fi rọ́bà dì í, mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ tí à ń padà ni wọ́n rí i pé ti ọmọbìnrin kékeré inú wọn kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kankan. Lójú ìwé, ọmọ náà kò wọ Bẹ̀nẹ̀ rí, ó sì wà níwájú wọn tó ń lá yìnyín. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ ká kọjá, owó tó sì jáde lápò mi lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi ta ni? Tèmi tí mi ò ṣí ìwé wò.

Lẹ́yìn ti èèyàn, ẹ lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù Bẹ̀nẹ̀ láti gba laissez-passer fún ọkọ̀. Ìwé tó ń sọ pé ọkọ̀ àlejò ni, pé yóò padà, nìyẹn, ẹ ó sì sanwó rẹ̀ kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì. Ẹ má gbàgbé láti sọ iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan lé e. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ní lọ́kàn, ẹ sọ márùn-ún. Bí ọjọ́ bá fi lé yín lórí pẹ̀nrẹ́n, owó ìtanràn ni. Ẹ yẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ tí wọ́n kọ wò, lẹ́tà kan tó bá ṣì lè di wàhálà ní ọjọ́ àbọ̀.

Ẹ ó ṣẹ́ owó níbẹ̀. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, kan náà ni wọ́n sì ń ná ní Tógò. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lórí fóònù yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán, kí ẹ ṣẹ́ èyí tó tó fún epo, owó ibodè ojú ọ̀nà àti oúnjẹ. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ ka sẹ́fà náà kí náírà yín tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó yára ju ojú lọ. Wọ́n lè ká bébà kan sí méjì kí ẹ kà á bí ẹyọ méjì. Ẹ gba owó kéékèèké pẹ̀lú, àwọn ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, torí ẹni tó bá na ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí ẹlẹ́pà ń wá ìjà.

Tí ẹ bá ti kọjá Kraké, ìyẹn ìhà Bẹ̀nẹ̀ ní bọ́dà náà, ojú ọ̀nà á dán, ọkàn yín á balẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ Nàìjíríà tó bọ́ sórí ọ̀nà tó dán máa ń fẹ́ fò. Ẹ má ṣe é. Ẹ ó san owó ibodè ní Ẹ̀kpè. Lẹ́yìn ìyẹn, Kútọnu dé, pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan. Wọ́n á yí yín ká bí oyin níbi iná pupa, ọ̀tún, òsì, iwájú. Ẹ má já ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, ẹ wo dígí kí ẹ tó yà, wọ́n á là fún yín. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi tiwa, aago wọn àti tiwa sì dọ́gba. Tógò nìkan ni aago ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn, bó bá ṣe yín pé kí ẹ lọ síwájú.

Àwọn ọlọ́pàá máa ń béèrè carte grise, ìyẹn ìwé ọkọ̀, permis, ìyẹn láísẹ́ǹsì, àti assurance. Ẹ kí wọn ní “Bonjour, chef,” kí ẹ na fáìlì. Ẹ wọ bẹ́líìtì, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn náà. Kí ẹ̀rọ pípaná àti àmì onígun mẹ́ta wà ní búùtù.

Epo inú ìgò tí ẹ ó rí létí ọ̀nà, kpayo ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gba ẹ̀yìn lọ. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kún táǹkì yín n'Ílẹ̀ wa, tó bá yá, ilé epo gidi ni kí ẹ lọ.

Láti Kútọnu, ẹ wá oríta Godomey. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í. Bí ẹ bá ń lọ tààrà sókè, Calavi lẹ ń lọ, tí ẹ bá sì ti rí yunifásítì, ẹ ti sọnù, ẹ padà. Òsì ni kí ẹ yà, kí ẹ gba Cococodji àti Pahou, nǹkan bí ogójì kìlómítà ni Wídà sí Kútọnu. Ọ̀nà kan wà tó gba etí òkun láti Fidjrossè, Route des Pêches lorúkọ rẹ̀, ó lẹ́wà, àgbọn lọ́tùn-ún, òkun lósì. Ẹ fi í pamọ́ di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣeré jáde.

Nípa fóònù, ẹ ra síìmù tiwọn, MTN tàbí Moov. Àmọ́ ohun kan wà tó ń da àlejò láàmú: láti òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ḿbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-díjíìtì mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi síwájú èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá fún yín ní nọ́ḿbà òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ díjíìtì mẹ́jọ lẹ́yìn 229 tí í ṣe kóòdù Bẹ̀nẹ̀, ẹ fi 01 sí i kí ẹ tó sọ pé òtẹ́ẹ̀lì náà ti kógbá wọlé. Ẹ sì tètè gba yàrá. Ìsinmi Kérésìmesì ló gbé yín lọ, bí ọjọ́ yín bá sún mọ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní, àsìkò ọdún Vodun nìyẹn, kò ní sí àyè ní Wídà.

Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbi òkun, torí ọ̀rọ̀ ọmọ wà níbẹ̀. Etí òkun Wídà kì í ṣe omi tí èèyàn ń sáré wọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, nítorí náà ìgbì kì í fọ́ lókèèrè, lẹ́sẹ̀ èèyàn gan-an ló ti ń fọ́, ó sì lágbára láti gbé àgbàlagbà ṣubú. Nígbà tó bá ń padà, á fa iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn ibì kan wà tí omi tí ìgbì tì wá sétí ti ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà sínú agbami. Bí ojú ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, àlejò á rò pé ibẹ̀ ló dára láti wẹ̀. Ibẹ̀ ló burú jù. Ẹni tí omi yẹn bá fà, kó má bá a jà láti padà tààrà, agbára rẹ̀ á tán. Kó jẹ́ kí omi gbé òun, kó máa na ọwọ́ kí wọ́n rí i, kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ létí òkun títí yóò fi bọ́ lójú fífà náà, kó tó dorí kọ ilẹ̀. Bàbá wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Kí àwọn ọmọ dúró níbi tí omi ò ga ju kókósẹ̀ lọ, kí àgbàlagbà dúró ní ìhà òkun, kó dojú kọ òkun. Ẹ má kẹ̀yìn sí i láti ya fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìgbafẹ́ ló ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn, àwọn kan bíi Casa del Papa sì wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Ọ̀sà ni kí àwọn ọmọ ti ṣeré omi tó wù wọ́n, kí ẹ ṣì wà nítòsí wọn. Kí ẹ lo nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ẹ̀fọn ọ̀sà kò mọ àlejò.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìlú fúnra rẹ̀. Láti àárín Wídà ni wọ́n ti ń fẹsẹ̀ kó àwọn ẹrú wá sétí òkun, wọ́n sì kọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà síbẹ̀ ní ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó ní Brazil, ló gba ibẹ̀ lọ Bàhíà. Àwọn kan nínú àrọ́mọdọ́mọ wọn padà wá, ẹ ó rí orúkọ àwọn ará Brazil lára ilé. Kí ẹ sọ fún ìyá àgbà tẹ́lẹ̀ pé ilé òjòlá wà ní ìkọjú ìjọ Kátólíìkì ńlá, pé wọ́n máa ń gbé òjòlá kọ́ àlejò lọ́rùn. Bí ìyá bá fẹ́ jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ fi lọ wo ejò dé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ àbọ̀. Ẹ kúrò ní Wídà ní ìdájí, kí ẹ rí i pé ẹ kan Sẹ̀mẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Òǹtẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pé ẹ jáde, òǹtẹ̀ Nàìjíríà pé ẹ wọlé, kí ẹ dá laissez-passer padà kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí i. Ìrẹsì yóò pọ̀ lójú ọ̀nà, owó rẹ̀ á wù yín. Ẹ má rà á. Kíkó ìrẹsì wọlé láti orí ilẹ̀ léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni adìyẹ inú yìnyín, bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ọ̀kírìkà. Àpò kan ṣoṣo nínú búùtù á sọ ìdílé tó ń gbafẹ́ di onífàyàwọ́, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ àti ẹrù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bá òun gbé “ẹrù kékeré” kan dé Àgbádárìgì, ìbáà jẹ́ obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Ìwé owó bodè ọkọ̀ ni kí ẹ fi sókè nínú fáìlì báyìí. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé Agbára, òun ni wọ́n á máa béèrè.

Ó wá ku gàrí ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ọ̀hún kò ní jẹ́ àjèjì sí wọn. Wọ́n á rí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń pè ní akassa, wọ́n á rí ìrẹsì òun ẹ̀wà, atassi ni wọ́n ń pe tiwọn, wọ́n á rí amiwo, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti tòmátì rò, pẹ̀lú ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkun bọ̀. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ gbé gàrí tiwọn, kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró nítorí ìwọ̀n ìkòkò kan. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lọ yìí, ibẹ̀ ni gàrí Savalou ti ń wá, tó kúnná, tó gbẹ, tó ń ró kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu. Kí wọ́n ra díẹ̀ lọ́jà Wídà, kí wọ́n da omi tútù sí i lábẹ́ igi àgbọn, kí wọ́n fi wé ti Ìbàdàn, kí ẹ sì kọ̀wé sọ fún mi èyí tí wọ́n bá mú.